Ẹ̀gún Tó Di Ènìyàn: Ọnà Kékeré Tó Ti Ọ̀wọ̀ Jáde

Láti Àkùngbá Àkókó níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ohùn mi, ẹ má bínú. Ẹ kúkú mọ bí iná wa ṣe rí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kéré gan-an ni. Páálí ìṣáná kan lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan gbé ní Ìkàrẹ́. Tísà ni wọ́n, gbogbo wa sì ń pè wọ́n ní Bàbá Tísà, títí dórí àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ní pálọ̀ wọn, lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí rédíò máa ń wà, ohun kan wà níbẹ̀ tí ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Obìnrin méjì ló ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Ẹnì kẹta pọn ọmọ, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wò wọ́n. Orí pákó pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ ni gbogbo wọn wà, ẹni tó ga jù nínú wọn kò sì ga ju ìka àárín mi lọ. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, wàá rí i pé ìró ọ̀kan nínú àwọn tó ń gúnyán ti fẹ́ tú, ó wá fi ìgúnpá há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ kó má baà já bọ́, kò sì dá ọmọ odó dúró. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹnì kẹta ti sùn lọ. Orí rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo ti rò pé igi lásán ni. Ọjọ́ kan ni Bàbá Tísà pè mí, wọ́n ní kí n wá wò ó. Wọ́n ní, "Ẹ̀gún ni. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju ẹ̀gún lọ, àfi pákó tí wọ́n dúró lé."

Kò yà mí lẹ́nu tó bó ṣe yẹ, nítorí àwa náà ń gbẹ́ ẹ̀gún nílé-ìwé. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Àkókó, ọmọ Ọ̀wọ̀ tàbí ọmọ Èkìtì tó sì dàgbà díẹ̀ á rántí: a máa ń ṣí ẹ̀gún ńlá kúrò lára igi pọ̀npọ̀lá tàbí àràbà, a ó fi abẹ fífárí gbẹ́ ìdí rẹ̀ tó tẹ́jú, a ó kọ lẹ́tà orúkọ wa sí i ní ìdàkejì, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ yíǹkì, a ó sì máa fi lu ìwé bí òǹtẹ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì. Gbogbo ìwé mi ló ní òǹtẹ̀ nígbà náà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹnì kan, ní ìlú tí kò tó ìrìn wákàtí kan sí ibi tí mo wà yìí, ti wo irú ẹ̀gún kan náà tipẹ́tipẹ́, ó sì rí ènìyàn nínú rẹ̀.

Orúkọ ẹni náà ni Justus Akeredolu. Mo mọ̀ pé ọkàn ọ̀pọ̀ yín ti lọ sọ́dọ̀ gómìnà wa tó ṣaláìsí ní 2023. Rárá o, kì í ṣe òun ni mò ń sọ. J. D. Akeredolu tí mò ń sọ yìí, ọdún 1915 ni wọ́n bí i sí Ọ̀wọ̀, àwọn ọdún 1930 sí 1939 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀gún. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀: ọ̀dọ́ ni, kò tí ì pé ọmọ ọdún 25. Kò jogún iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ baba kankan. Kò sí ìdílé tó ń ṣe é, kò sí oríkì rẹ̀, kò sí òrìṣà tó ni ín. Nínú gbogbo ọnà tí a ń pè ní ti Yorùbá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a lè nawọ́ sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí a dárúkọ rẹ̀. Ọ̀kan ni èyí.

Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ibi tí ọnà wẹ́wẹ́ ti ṣàjèjì. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn agbẹ́yín-erin Ọ̀wọ̀ ti lókìkí. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti ọpọ́n ọlọ́mọrí fún ààfin, ọnà ara wọn sì há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi gbọ́dọ̀ rọra rìn lórí wọn. Àwọn onímọ̀ ìtàn ọnà gbà pé àwọn kan nínú wọn ṣiṣẹ́ fún Ọba Ìbíní pẹ̀lú. Nígbà tí Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní 1971, àwọn ère amọ̀ tó jáde níbẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún-dín-lógún. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àmọ̀tẹ́kùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. N kò sọ pé Akeredolu rí ìwọ̀nyí kó tó mú abẹ. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ṣì wà nígbà tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú tó bí i mọ iyì ohun tí a fara balẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Igi àràbà, pọ̀npọ̀lá àti igi àta, èyí tí a ń fi rin ẹnu, gbogbo wọn ló ní ẹ̀gún lára. Ẹ̀gún yìí kì í ṣe bíi ti ọsàn tàbí ti òrómbó tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ó rí bí òkè kékeré: ìdí rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́jú, orí rẹ̀ ló mú ṣóńṣó. Èyí tó tóbi jù lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju íǹṣì 5 lọ ní gígùn, ọ̀pọ̀ ni kò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ara igi tó ṣì ń dàgbà ló ti máa ń pọ̀. Bí igi bá ti darúgbó, ẹ̀gún rẹ̀ a máa re dànù. Bí o bá bó èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ rọ̀, kò ní okùn líle bíi ti ìrókò, abẹ mímú a máa bá a lọ bí ìgbà tí ènìyàn ń gé ọṣẹ. Àwọ̀ mẹ́ta sì ni ó máa ń ní: ọ̀kan funfun ráúráú bí ògì, ọ̀kan pọ́n díẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kan omi, ọ̀kan dúdú rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ ara wa.

Àwọ̀ mẹ́ta yìí ló gba agbẹ́gún lọ́wọ́ ọ̀dà. Èyí tó dúdú ló máa fi ṣe ara ènìyàn: ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀. Èyí tó funfun ló máa di aṣọ, gèlè, fìlà, tàbí iyán inú odó. Èyí tó pọ́n lè di ìró ẹlòmíràn, tàbí ọ̀pá, tàbí agbè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yan ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan bí aránṣọ ṣe ń yan òwú. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kò sí ìṣó.

Nǹkan kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Àwọn agbẹ́gilére wa àtijọ́, odindi igi kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère kan. Bó ti wù kí ère náà ní ẹsin, ọ̀kọ̀, ọmọ àti ìyàwó lára tó, inú ìtì igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Orí sì máa ń tóbi ju ara lọ, nítorí orí ni a kà sí ọ̀gá. Akeredolu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún kékeré kò lè gba ènìyàn tó na ọwọ́ sókè. Nítorí náà ó níláti to ènìyàn jọ: orí láti ara ẹ̀gún kan, ọwọ́ láti ara òmíràn, fìlà láti ara òmíràn. Níwọ̀n bí ọwọ́ ti wá dá dúró lọ́tọ̀, ó lè na ibi tó bá wù ú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn ẹ̀gún kì í fi í dúró ṣánṣán bí ère ìbejì. Wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń gbọn ara, wọ́n ń nàka sí ara wọn, wọ́n ń fi ìgúnpá há ìró. Orí wọn kò tóbi ju ara wọn lọ mọ́. Wọ́n dà bí ẹni tí o rí lójú ọ̀nà láàárọ̀ yìí.

Àwọn tí wọ́n sì gbẹ́ náà, ẹni tí o rí lójú ọ̀nà ni wọ́n. Adẹ́mu lórí ọ̀pẹ pẹ̀lú igbà ní ìdí. Onígbàjámọ̀ àti ẹni tó tẹrí ba fún un. Àwọn àgbàlagbà méjì tó ń ta ayò, ẹnì kẹta tó ń dá sí i láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Onílù dùndún. Àwọn atukọ̀ tó jókòó tẹ̀lé ara wọn. Tísà àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. N kò tí ì rí ọ̀kan tí wọ́n fi ẹ̀gún ṣe ojúbọ òrìṣà. Ohun tí kò sí ẹni tó kà á sí ohun ère tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ère.

Akeredolu kò fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ẹ̀gún nìkan. Ìjọba dá ẹ̀ka tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1943, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kenneth Murray ni olórí rẹ̀, ẹ̀ka yẹn náà ni Akeredolu wá ṣiṣẹ́ sí, níbi tí ọwọ́ tó mọ nǹkan wẹ́wẹ́ ti wúlò fún títún ohun àtijọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ìgbà náà. Àwọn mìíràn ti kọ́ ọ, àwọn mìíràn sì ti wò ó ṣe. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì títí kọjá òmìnira, iṣẹ́ ẹ̀gún kún ìta ilé ìtura àti ilé-ìtajà ní Ìbàdàn àti Èkó. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òyìnbó? Tèmi ni pé bí ó ṣe kéré tó ni. Ẹni tó fẹ́ padà sí Liverpool nínú ọkọ̀ ojú omi, tó sì fẹ́ mú nǹkan Nàìjíríà dání, kò lè gbé òpó ààfin. Ṣùgbọ́n ó lè fi òwú wé adẹ́mu kan, kó sọ ọ́ sáàárín aṣọ nínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ní ogún-ogún, ọdún dé ọdún. Lónìí, bí mo bá wá iṣẹ́ ẹ̀gún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lu ohun àtijọ́ ní gbàǹjo ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń rí i: ẹrù bàbá àgbà kan tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láyé ìjọba amúnisìn, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Mo ti rí i tí wọ́n kọ "Áfíríkà" sí abẹ́ rẹ̀, wọn ò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí Ọ̀wọ̀ níbẹ̀, kò sí Nàìjíríà pàápàá.

Àwa náà kò kà á sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ nípa ọnà wa fojú ọjà pápákọ̀ òfurufú wò ó: pé òyìnbó ni a ṣe é fún, nítorí náà kì í ṣe ojúlówó. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n n kò gbà. Àwọn agbẹ́yín-erin ìjọ́un náà, ẹni tó ń sanwó ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ fún. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí adẹ́mu ṣe ń so igbà mọ́ ìdí, tàbí bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń jókòó lórí àpótí ní nǹkan bí ọdún 1950, ẹ wo ẹ̀gún. Fọ́tò àkókò náà kò pọ̀ lọ́wọ́ wa, àwọn tó wà sì jẹ́ ti ọba, ti bíṣọ́ọ̀bù àti ti ìgbéyàwó. Ta ló ya fọ́tò obìnrin tí ìró rẹ̀ fẹ́ tú?

Ó tó ọdún mélòó kan báyìí tí Bàbá Tísà ti papò dà. Nígbà tí ẹbí jókòó láti pín ẹrù, wọ́n du rédíò, wọ́n du àga, wọ́n fẹ́ẹ̀ jà lórí ilẹ̀ kan tó wà ní ọ̀nà Ọ̀kà. Kò sí ẹni tó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ní, "Gbé bèbí yẹn fún òun, ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó." Bí ó ṣe di tèmi nìyẹn. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ wá sí Àkùngbá, mo gbé e lé itan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ ti mọ ìyókù. Nígbà tí mo tú ìwé ìròyìn náà nílé, ọwọ́ ọ̀tún obìnrin kan ti já kúrò ní èjìká. Ọwọ́ tó di ọmọ odó mú ni, ọmọ odó náà sì ti ṣẹ́ sí méjì. Mo wá inú ìwé ìròyìn títí, mo rí ọmọ odó, n kò rí ọwọ́. Ó ti bọ́ sọ́nà.

Mo sọ fún ara mi pé kò burú, Ọ̀wọ̀ ṣáà nìyí. Mo lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ lọ́jà, wọ́n ní kí n lọ bá káfíńtà. Káfíńtà náà, àgbàlagbà ni, ó gbé e sókè síbi tí oòrùn wà, ó yí i po, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kọjá ọwọ́ mi o. Àwọn tó ń ṣe é nígbà tí a wà ní kékeré, n kò mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí." Ó tún ní ẹnì kan wà ní àdúgbò wọn tẹ́lẹ̀, pé àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, pé kò sí ìkankan nínú wọn tó mú abẹ. Mo yà wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ọgbà ààfin Ọlọ́wọ̀. Ó ti wà láti 1968, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé Àkókó ti débẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìtọ́jú ohun àtijọ́ ni, kì í ṣe ìsọ̀ agbẹ́gún.

Nítorí náà mo ní kí n ṣe é fúnra mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Igi pọ̀npọ̀lá kékeré kan wà lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn òkè wa. Mo ṣí ẹ̀gún mẹ́fà lára rẹ̀, mo ra abẹ tuntun. Ọwọ́ tí mo fẹ́ gbẹ́ kò gùn ju èékánná ìka mi méjì lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní ìgúnpá. Ẹ̀gún àkọ́kọ́ là sí méjì. Ìkejì, mo gbẹ́ ẹ dé ìgúnpá, mo wá gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbi tí ó yẹ kí ìka bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta, ìka mi ni mo gé. Nígbà tí mo mú ìkẹrin ni mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: bí mo bá di abẹ mú pẹ́kípẹ́kí, ẹnu abẹ náà ń mì, díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò yéé mì, ó sì ní ìlù tirẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ọkàn mi ló ń lù.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ìlù yìí jà. Willard Wigan ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1957 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Wolverhampton. Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ìwé kíkà nira fún un nílé-ìwé, olùkọ́ kan sì ń mú un hàn káàkiri kíláàsì bí àpẹẹrẹ ẹni tí kò ní ṣoríire. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé fún èèrà. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni orúkọ rẹ̀ yóò máa tóbi sí i. Ó gbà á gbọ́. Lónìí, inú ojú abẹ́rẹ́ ni ère rẹ̀ ń gbé. Awò tó ń mú ohun tí ojú kò rí tóbi ló fi ń ṣiṣẹ́. Òru ló ń ṣiṣẹ́, nígbà tí mọ́tò kò pọ̀ tí ilẹ̀ kò sì mì. Yóò sé èémí, yóò dúró de àárín ìlù ọkàn kan àti èkejì, ibẹ̀ ni yóò ti gé. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun fi èémí fa ère ọmọbìnrin kan tó fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣe sínú imú. Ní 2007, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní Kyiv ní orílẹ̀-èdè Ukraine, ilé kan wà nínú ọgbà ilé ìsìn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Lavra, tí wọ́n kó iṣẹ́ Mykola Syadristy sí. Gbogbo àlejò ló ń fi awò wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Syadristy fi ràkúnmí sínú ojú abẹ́rẹ́, odindi ọ̀wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ mọ ìdí tí ẹ̀rín fi máa ń pa mí bí mo bá rántí.

Iṣẹ́ Akeredolu kò kéré tó ti àwọn wọ̀nyí, mo mọ̀. Ojú lásán la fi ń rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ wọ́n ni ìjà ọwọ́ pẹ̀lú ara rẹ̀, ohun tó sì yà wọ́n ni bí a ṣe ń díye lé e. Ẹni tó ra iṣẹ́ Wigan mọ̀ pé òru àti èémí ẹnì kan ni òun ń ra. Ẹni tó ra ẹ̀gún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtura rò pé ohun kékeré ni, owó kékeré ni. Àwọn Yorùbá ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìyẹ. A mọ ọ́n lẹ́nu. Nígbà tó kan ọjà, ìwọ̀n la fi ń ná an. Agbẹ́gún tó bá fẹ́ jẹun wá níláti ṣe púpọ̀ kíákíá, èyí tó ṣe kíákíá kò sì lè ní ìró tó fẹ́ tú. Mo ti fi èyí tó pẹ́ wé èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà nínú àwọn fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ènìyàn inú èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ihò méjì àti ìlà kan. Nígbà tí àwọn òyìnbó tó ń rà á dín kù, kò sí ọmọ ilé wa kan tó ti kọ́ láti fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ agbẹ́gún sì gba ọ̀nà Èkó lọ. Bàbá Tísà nìkan ni ẹni tí mo mọ̀ tó rà á fi sílé ara rẹ̀.

Igi náà ń lọ pẹ̀lú. Àràbà tó wà ní ọ̀nà Ọ̀kà nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ti gé e fún pákó. Pọ̀npọ̀lá tí mo ṣí ẹ̀gún lára rẹ̀ yìí, ìlẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n tí wọ́n sì ti kan òpó sí ló wà.

Mo parí ẹ̀gún karùn-ún. Ọwọ́ ni, ènìyàn lè mọ̀ pé ọwọ́ ni. Ó nípọn ju ti òsì lọ, ó sì dà bí ọwọ́ ọkùnrin. N kò tí ì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú páálí ìṣáná pẹ̀lú ọmọ odó tó ṣẹ́, nítorí mo ń rò ó pé bí mo bá lẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ti wọ inú iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, kò sì ní ṣeé yọ mọ́.

Ta sì ni ẹni náà? Ìdí tí mo fi gbé ètò yìí kalẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo dojú pákó náà dé láti wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti wọlé, mo rí ìkọ̀wé pẹ́ńsùlù lábẹ́ rẹ̀. Mo sáré gbé e lọ síbi fèrèsé. Mo rò pé orúkọ ni. Iye owó ni: ṣílè 7 àti kọ́bọ̀ 6, tí ẹni tó tà á kọ. Ó ti pẹ́ ju 1973 lọ nígbà náà, nítorí ọdún yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Ó lè jẹ́ Akeredolu fúnra rẹ̀ ló ṣe é, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn tó kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, nínú gíláàsì ìyá yín tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ìlú tí wọ́n ti rà á mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kí a gbọ́. Bí ẹ bá sì mọ ẹnikẹ́ni ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpèlé, ní Ìbàdàn, níbikíbi, tó ṣì ń mú abẹ bá ẹ̀gún, ẹ sọ fún un pé ọwọ́ obìnrin kan ń dúró dè é ní Àkùngbá.